Àgádágodo Tí Mo Fi Sára Àtẹ́lẹwọ́

Ọjọ́ Ajé, 1 Ọ̀wẹwẹ̀

Mo parọ́ mọ́ obìnrin kan nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀gá. Kì í ṣe irọ́ tó yọ́ bọ́ lẹ́nu ènìyàn nítorí ìbẹ̀rù. Mo jókòó, mo rò ó, mo pa á. Nígbà tí iléeṣẹ́ wa fẹ́ kógbá sílé, àwọn tó ra fóònù Àtẹ́lẹwọ́ lọ́wọ́ wa ń bẹ̀ wá pé kí a fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n lè fi ṣí inú rẹ̀, kí wọ́n lè máa tún un ṣe fúnra wọn lẹ́yìn wa. Mo dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, mo ní kọ́kọ́rọ́ náà ti parẹ́. Mo ní Aláṣepé, obìnrin náà tí mo kọ́ níṣẹ́, ló ṣèèṣì pa á rẹ́ níbi tó ti ń palẹ̀ kọ̀ǹpútà mọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, fíláàṣì kékeré tí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò mi.

Mo rò pé iléeṣẹ́ tó fẹ́ ra tiwa yóò gbà mí síṣẹ́, bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni nǹkan náà wà lọ́wọ́ mi. Wọn kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ìgbà tí mo fi mọ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ mi ti dàgbà ju ohun tí mo lè gbé mì lọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè pọ̀ ọ́.

Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé ọmọ mi pè mí láàárọ̀. Ó ní, "Bàámi, wọ́n fẹ́ pa Àtẹ́lẹwọ́ o." Àwọn tó ra iléeṣẹ́ wa ti kéde pé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà, àwọn yóò pa kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo Àtẹ́lẹwọ́ ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá tàn wọ́n. Láti ọjọ́ náà lọ, èyí tí bátìrì rẹ̀ bá kú kò ní jí mọ́.

Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, mo ra ọtí fún gbogbo ẹ̀ka wa.

Ọjọ́bọ̀, 4 Ọ̀wẹwẹ̀

Òjò látàárọ̀. Ọmọ mi wọlé tòun ti agbòjò tó ti ya. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé Gbàǹgbà sínú Àtẹ́lẹwọ́ kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Àwọn ni wọ́n kọ Gbàǹgbà fúnra wọn: ètò inú fóònù tí ẹnikẹ́ni lè tú wò, tó lè tún ṣe, tó sì lè bù fún aládùúgbò. Wọ́n ti ń kọ ọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti wà ní yunifásítì. N kò sọ ọ́ lójú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n mo ti ka púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó mọ́ ju tèmi lọ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Ó fẹ́ kí n kó àwọn àgbàlagbà tó ń lo Àtẹ́lẹwọ́ jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, kí wọ́n lè dán Gbàǹgbà wò.

Mo ní, "Àgádágodo ńkọ́?"

Ó ní, "A ó fọ́ ọ."

Bí ẹni fẹ́ fọ́ ẹ̀pà ló ṣe sọ ọ́. Èmi tí mo rọ àgádágodo náà mọ̀ pé kò ṣeé fọ́. Mo ní kí wọ́n gbìyànjú. Mo wá lọ tú dúrọ́ọ̀ mi, mo kó àwọn fóònù ìdánwò àtijọ́ fún un, àwọn tí a kò fi àgádágodo tì rí. Ó dì mọ́ mi. Fíláàṣì náà wà nínú dúrọ́ọ̀ kan náà, nísàlẹ̀ pátápátá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Ọ̀wẹwẹ̀

Ìpàdé àkọ́kọ́. Àga kò tó, a lọ yá ti yàrá àwọn ọmọdé, àwọn àgbàlagbà wá jókòó tí orúnkún wọn fẹ́ kan àgbọ̀n.

Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ dé. Ó ti fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbọ́ràn mọ́ láti ìgbà tó ti ṣàìsàn. Àtẹ́lẹwọ́ máa ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún un ní èdè wa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ra tuntun.

Ó ní, "Ọmọ mi rà á fún mi. Ó ń dán gbinrin. Ó pe orúkọ mi, mo rò pé ó ń bú mi ni. Tèmi yìí, obìnrin inú rẹ̀ gbọ́ èdè."

Ohùn Aláṣepé ni obìnrin inú rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, tí ó ń mu omi gbígbóná kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ má baà há. Mo dorí kodò, mo ń to okùn ṣájà.

Télọ̀ jókòó lẹ́yìn. Ó ti lo gbogbo fóònù tó wà lọ́jà, ó sì ní ohun tó máa sọ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Àwọn ètò fóònù ńlá méjì tó gba ọjà yẹn, mo ti gbé inú àwọn méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ dà bí ilé àna. Wọ́n á gbé àga fún ẹ, wọ́n á bu omi fún ẹ, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sún tábìlì kúrò níbi tó wà. Èkejì ní kí n máa ṣe bó ṣe wù mí, ṣùgbọ́n mi ò lè jáde kó má bi mí pé níbo lò ń lọ, ta lo fẹ́ rí."

Ọmọ mi ní, "Baba, Gbàǹgbà ńkọ́?"

"Tiyín yìí? Ilé ara mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì kan ilẹ̀kùn sí i, ojú fèrèsé ni mo gbà wọlé."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí ló wú mi lórí. Nígbà tí mo wà ní ipò rẹ̀, bí ènìyàn bá bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, mo máa ń ṣàlàyé fún un pé òun ni kò mọ ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Ọ̀wẹwẹ̀

Bátìrì Àtẹ́lẹwọ́ ti fi ìdajì gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ènìyàn ń rà á pamọ́ kí fóònù wọn má baà kú láé. Ẹ̀rù ń ba ayé.

Ọjọ́rú, 17 Ọ̀wẹwẹ̀

Ọjọ́ rere. Iṣẹ́ mẹ́ta la gbé lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n sọ lẹ́tà ojú fóònù di ńlá, kí wọ́n yọ áàpù tí wọn kò fẹ́ kúrò. Èmi ni mo jókòó kọjú sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ìdánwò ni pé olùwòran kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ nàka. Mo pa á mọ́ dáadáa, mo tilẹ̀ kó ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan. Bóyá la fi rí ẹni tí kò yege. Agbẹ̀bí pàápàá sọ lẹ́tà di ńlá.

Mo sọ fún ọmọ mi pé Gbàǹgbà ti tó gbé jáde. Inú mi dùn débi pé mo rìn wálé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Ọ̀wẹwẹ̀

Ojú tì mí, mo sì fi ara mi rẹ́rìn-ín.

Eyín ń dùn mí lánàá, n kò lọ. Ọmọ mi ló ṣe ìdánwò kan náà, ẹ̀yìn wọn ló sì jókòó sí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rí ibi tí wọ́n ti ń yí lẹ́tà padà, gbogbo àwọn tó kù náà kò sì rí i. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn, kó tó fi ẹ̀rín sí i. Mo ní kò ṣeé ṣe, wọ́n ṣe é níwájú mi. Mo bá a lọ lónìí láti lọ wádìí.

Agbẹ̀bí ló tú àṣírí. Ó ní, "Ojú Ẹnjiníà la ń wò. Tí ọwọ́ wa bá súnmọ́ ọ̀nà, á gbé ìpéǹpéjú sókè. Tí a bá ṣìnà, á mí kanlẹ̀."

Télọ̀ ní, "Èmi o, mi ò tiẹ̀ wo fóònù. Mo kàn ń gbé ìka kiri títí èémí ẹ̀ fi rọlẹ̀."

Mo wo ọmọ mi. Ó ń fi ìwé bo ẹnu.

Ó ní, "Bàámi, wọn ò lè máa gbé ojú yín kiri nínú àpò."

Ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo bà jẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi nídìí iṣẹ́ yìí, mo rò pé mo mọ ohun tó rọrùn fún ènìyàn. Bóyá ohun tí mo mọ̀ kò ju kí n di ọwọ́ wọn mú lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27 Ọ̀wẹwẹ̀

Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn báyìí, mo kọjú sí ògiri bí ọmọ iléèwé tó ṣẹ̀ tíṣà. Ojú fèrèsé ni mo ń wò. Mo gbọ́ tí Télọ̀ ń kùn lẹ́yìn mi: "Kí ni ìlà mẹ́ta yìí? Àkàbà ni àbí kí ni?" Ó ṣòro fún mi ju eyín yíyọ lọ, ṣùgbọ́n n kò yíjú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Ọ̀wẹwẹ̀

Wọ́n ti yọ ìlà mẹ́ta, wọ́n fi ọ̀rọ̀ rọ́pò rẹ̀: "Àwọn nǹkan tó kù." Kò sí ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́ mọ́, nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ pẹ́. Àríyànjiyàn wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ mi. Àwọn kan ní bí a bá fi àyè gba ènìyàn láti yí gbogbo nǹkan padà, yóò yí i dé ibi tí yóò sọnù. Ọmọ mi ní kí a fi bọ́tìnnì kan sí i tó ń dá a padà sílé, kí a sì jẹ́ kí wọ́n máa sọnù bó ṣe wù wọ́n.

Lónìí, Agbẹ̀bí gbé bọ́tìnnì ìpè lọ sí apá òsì, fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ òsì pe ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Mò ń pè ẹ́ lásán ni. Mo kàn ní kí n pè ẹ́ ni." Láti ìgbà tí ara rẹ̀ kò ti yá, ó ti ń fi imú tẹ bọ́tìnnì náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Iléeṣẹ́ wa gba irú ẹ̀bẹ̀ yẹn nígbà kan, pé kí a ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì. Èmi ni mo kọ̀ ọ́. Mo ní yóò ba ẹwà rẹ̀ jẹ́.

N kò tíì rí ọmọ tó dùn mọ́ mi bí èyí tèmi. Mo ra ìwé tuntun fún un lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń padà, olówó iyebíye, ẹ̀yìn líle.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Ọ̀wàrà

Wọ́n gbìyànjú àgádágodo. Àwọn fóònù ìdánwò mi kò ní àgádágodo, nítorí náà, fóònù ta ni wọn yóò fi ṣe é? Télọ̀ dìde, ó ní kí wọ́n lo tòun.

Mo wà níbẹ̀. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá fi agbára wọlé, kó sé ara rẹ̀ pa. Mo la ẹnu, mo ní, "Ẹ ṣọ́ra," bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ojú fóònù náà dúdú, kò sì tàn mọ́.

Ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ti ṣaláìsí wà nínú rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó fi ránṣẹ́ sí i kó tó kú. Kò sọ fún wa ṣáájú. Ẹ̀yìn ìgbà tí fóònù náà ti kú la tó gbọ́.

Ọmọ mi ń bẹ̀ ẹ́. Télọ̀ ní, "Má yọ ara ẹ lẹ́nu, ọmọ mi. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀. Aṣọ tí a ò gé, a kì í rí i rán." Ṣùgbọ́n kò dápàárá mọ́ títí a fi tú ká.

Nǹkan náà kò bàjẹ́. Ó kàn sé ni. Kọ́kọ́rọ́ yóò ṣí i.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀wàrà

Iléeṣẹ́ tó ra tiwa dá ọmọ mi lóhùn. Kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ wọn, kò sí lọ́wọ́ wọn rí. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i, kó máa lò ó, àwọn kò ní bá a ṣẹjọ́.

Mo ti ń sọ fún ara mi pé òfin ló dì mí lọ́wọ́ mú. Òfin ti jáwọ́ báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ọ̀wàrà

Oòrùn le. Ọmọ mi wá jẹun ọ̀sán. Ó ti ń wá gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ wa kiri, ó sì ti rí Aláṣepé. Ilé ìwòsàn kan ni obìnrin náà wà báyìí, ó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Kò sí iléeṣẹ́ fóònù tó gbà á lẹ́yìn tiwa. Ta ni yóò gba ẹni tó pa kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọjà rẹ́? Nínú gbogbo àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́, òun ló mọṣẹ́ jù. Kì í kúrò nídìí nǹkan títí yóò fi parí. Ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ọmọ mi ka èsì rẹ̀ fún mi: "N kò pa nǹkan kan rẹ́ rí láyé mi. Ẹ lọ bi ọ̀gá mi."

Ó ní, "Bàámi, kí ló ní lọ́kàn?"

Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i.

Ó wo ojú mi, ó pẹ́ tó fi wò ó. Ó kó àwo kúrò nílẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó nu ọwọ́, ó sì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

Mo lọ sílé ọmọ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo gbé fíláàṣì náà sórí tábìlì, láàárín àwọn wáyà rẹ̀.

Kò pariwo. Mo rò pé ariwo ìbá sàn jù. Ó ní, "Gbogbo ìgbà tí a ń wá a yìí?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ìgbà tí fóònù Télọ̀ kú?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi ìka kan ti fíláàṣì náà padà sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò. Èmi kọ́ ló kàn. Ẹni tí ẹ fi orúkọ ẹ̀ tilẹ̀kùn, òun ni kẹ́ ẹ gbé e fún."

Oṣù fẹ́ parí, iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ já sí òfo, kọ́kọ́rọ́ wà níwájú rẹ̀, kò sì mú un. Mo jókòó síbẹ̀ nínú ìtìjú, mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé ta ló bí èyí? Ìyá rẹ̀ ni. Kò lè jẹ́ èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ọ̀wàrà

Mo pe Aláṣepé. Bó ṣe ní "Ẹ ǹ lẹ́" báyìí, ohùn tí mo ń gbọ́ nínú fóònù gbogbo ayé ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó dá mi dúró. Ó ní, "Ọ̀gá, n kò fẹ́ gbọ́ ọ báyìí. Níwájú èèyàn lẹ ti sọ àkọ́kọ́."

Mo ní kó wá sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun yóò wo iṣẹ́ òun wò.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọ̀wàrà

Mo fọ aṣọ funfun mi, mo lọ̀ ọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ aṣínà fíláàṣì náà sórí bébà, gàdàgbà, kí ó lè ṣeé kà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Ọ̀wàrà

Ó wá. Ewú ti gba iwájú orí rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn ló wọ̀, bàtà rẹ̀ kò dún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàsán o."

Agbẹ̀bí gbá apá àga mú. Ó ní, "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn? Obìnrin inú fóònù mi nìyẹn."

Aláṣepé ní, "Èmi ni, ìyá."

"Ìwọ lo ń ka lẹ́tà ọmọ mi fún mi láràárọ̀? Wá jókòó tì mí. O kú iṣẹ́."

Ó jókòó tì í. Ọmọ mi wò mí. Mo dìde. Mo di ẹ̀yìn àga mú.

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo ní kọ́kọ́rọ́ Àtẹ́lẹwọ́ kò parẹ́ rí, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo ní obìnrin yìí kò fọwọ́ kàn án, èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn nítorí ipò tí n kò padà rí. Mo ní mo wà níbẹ̀ nígbà tí fóònù Télọ̀ ń kú lọ, mo sì panu mọ́.

Télọ̀ ní, "Ẹnjiníà." Ó tún ní, "Ẹ jókòó tì mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní kí n má banú jẹ́."

Mo ní, "Mo ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó yọ fóònù dúdú náà nínú àpò àyà rẹ̀, ó dìde, ó gbé e sórí itan Aláṣepé, ó padà lọ jókòó.

Ẹ̀rù bà mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo wo yàrá náà. Àwọn arúgbó wọ̀nyí ni wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn sílé. Ọmọ mi dúró ti ògiri, ìwé ẹ̀yìn líle lábẹ́ apá rẹ̀. Aláṣepé sì jókòó ṣinṣin, ó ti yí fóònù Télọ̀ padà, ó ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí oníṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí mo tó ṣe ọ̀gá fún. Orí mi wú láti wà láàárín wọn.

Mo yọ fíláàṣì náà àti bébà, mo nà án sí Aláṣepé.

Kò gbà á. Ó jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró lófuurufú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ tún un sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

Mo yí sí àwọn tó wà lẹ́yìn. Mo tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kì í ṣe ìnagijẹ. Nígbà tí mo parí, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sí i.